Ewúrẹ́ Mẹ́rin, Òbúkọ Kan: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ọ̀sìn Ẹran ní Àgbàlá Ilé l'Ékìtì

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹran kankan, ẹ gbé garawa òfìfo kan sẹ́yìn ilé ìdáná fún ọjọ́ méje. Gbogbo èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eèrí ògì tí ilé bá fẹ́ dà nù, inú rẹ̀ ni kó lọ. Tó bá di alẹ́, ẹ wọn ohun tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó dà á nù. Lọ́jọ́ keje, ẹ ó ti mọ iye ẹnu tí ilé yín lè bọ́ láìra oúnjẹ. Ilé tí wọ́n ti ń gúnyán lójoojúmọ́ kò lè wá èèpo tì. Ilé tó jẹ́ gàrí àti búrẹ́dì ni wọ́n ń rà jẹ kò ní i, ẹran tó bá sì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, àpò ẹni tó ni ín ni yóò máa jẹ.

Lẹ́yìn èèpo, ẹ ka èèyàn. Ta ló máa ń wà nílé ní aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́? Ẹran kò mọ ọjọ́ Àìkú, kò mọ òkú tí ẹ ń lọ sin fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ máa ń wálé láti ibi iṣẹ́, tí kò sì sí ẹnìkan tó ń gbé ilé náà, ìgbín nìkan lẹ lè sìn ní báyìí.

Ẹ wo ọgbà náà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe ní 2016 lórí dída ẹran jẹ̀ kò mọ sórí màlúù nìkan, àwọn ẹran mìíràn tó ń jẹko bíi tiẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ká tilẹ̀ yọ ti òfin kúrò, ewúrẹ́ tó bá wọ oko ẹ̀fọ́ aládùúgbò lẹ́ẹ̀mejì ti di ẹjọ́ nílé olórí àdúgbò. Nítorí náà, ẹran àsémọ́lé ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín dá lé.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́rin, òbúkọ kan, àgbébọ̀ mẹ́jọ àti àkùkọ kan ni a máa ń ní kó mú. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni a ń sọ o, èyí tí kì í sábà ju 20 sí 30 kílò lọ bó bá dàgbà. Ó ti bá igbó àti òjò wa mọ́ra, àìsàn tí eṣinṣin inú igbó ń gbé kiri kì í tètè pa á, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Àwọn ewúrẹ́ Òkè Ọya tó ga, tí etí wọn gùn, máa ń wu èèyàn lójú, àmọ́ ilẹ̀ tútù kò bá wọn lára mu. Ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan ló sábà ń tó láti fi hàn yín.

Àgùntàn fẹ́ràn koríko ilẹ̀ ju ewé igi lọ, ó rọrùn láti sé mọ́ nítorí kì í gun ògiri. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ koríko, tó sì jẹ́ pé ọjà Iléyá lẹ̀ ń fojú sí, ẹ mú un dípò ewúrẹ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́: aràn kan náà ló ń jẹ wọ́n, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n.

Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń yára sanra jù, ọjọ́ 114 ló ń fi lóyún, ọmọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan kò ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé sìn láàárín ilé, ibà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní African swine fever kò sì ní oògùn: bó bá wọ ọgbà, ó lè kó gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ jẹ, ó relé, àgùntàn jẹ, ó relé, àjẹ-ìwálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín, kó gbé e lọ sí oko.

Ehoro ń bí lẹ́yìn ọjọ́ 31, àmọ́ ooru ń pa á, ẹ sì wá ẹni tí yóò rà á jẹ kí ẹ tó ra akọ àti abo. Ìgbín kò fẹ́ ju ewé ìbẹ́pẹ, ilẹ̀ rírọ̀ tó tutù àti ibi tí ìjàlọ kò lè dé lọ. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ilé ewúrẹ́

Ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fún ẹran márùn-ún àti ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọ inú rẹ̀ ṣán-án. Òjò alátẹ́gùn tó lágbára jù níbí, ọwọ́ ìlà-oòrùn ló sábà ń gbà wá. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó dí pátápátá. Àwọn ẹ̀gbẹ́ tó kù, ẹ dí wọn dé ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ fi wáyà ṣe òkè wọn kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Kí páànù yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 2 yíká.

Ilẹ̀ ibi tí wọn yóò sùn lẹ gbọ́dọ̀ ná owó lé jù. Ẹ gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ sí 3, kí ẹ fi pákó tẹ́ ẹ bí àkàbà tí wọ́n dùbúlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín pákó kan sí èkejì ni ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń ṣì. Kó gba ìka ọwọ́ yín tó kéré jù, kó má gba àtàǹpàkò: bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Bó bá há jù bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ yóò dí i, ìtọ̀ yóò dúró, pátákò yóò sì máa jẹrà. Bó bá fẹ̀ jù, ọmọ ewúrẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, yóò fi kán an. Ọparun ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ bó bá tutù, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan sí méjì.

Ẹ fi pákó ṣe ọ̀nà ìgòkè sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kan igi tín-ín-rín mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí wọ́n má baà yọ̀. Ẹ gé igun kan sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 4 lóòró, fún ewúrẹ́ tó fẹ́ bí. Ìgbẹ́ tó bá já sí ìsàlẹ̀, ẹ gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kó o jọ sí òkìtì kan fún oṣù méjì kí ẹ tó fi sídìí ẹ̀fọ́.

Ibi ìjẹun, ìta ògiri ni kó wà, kí ewúrẹ́ máa yọ orí nìkan jẹ ẹ́. Ẹran yìí ń ṣa oúnjẹ jẹ ju bí a ṣe rò lọ: ewé tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí tó tọ̀ sí, ebi ì báà pa á, kò ní jẹ ẹ́. Ẹni tó ń da ewé sílẹ̀ fún ewúrẹ́ ń sọ ìdajì rẹ̀ di ààtàn ni.

Ríra

Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè dé ilé rẹ̀. Ọjà ọrún dára fún rírà ẹran tí a fẹ́ pa jẹ lọ́la, kò dára fún ẹran tí a fẹ́ sìn. Níbẹ̀ ni gbogbo ìlú ń kó ikọ́ pàdé, àwọn kan sì máa ń yára gbé ẹran lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti rí i pé ó ń ṣe nǹkan.

Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Kò sí eyín rárá ní iwájú òkè, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kà. Eyín wẹ́wẹ́ mẹ́jọ, kò tíì ju ọdún kan lọ. Eyín ńlá méjì láàárín, ó ti lé lọ́dún kan. Mẹ́rin, bí ọdún méjì. Mẹ́fà, ó ń lọ sí mẹ́ta. Mẹ́jọ, ó ti ń lọ sí mẹ́rin tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eléyín méjì tàbí mẹ́rin lẹ̀ ń wá, èyí tó ti bí lẹ́ẹ̀kan bó bá ṣeé ṣe, tí ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè rí.

Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè: bí ìdí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ ṣíṣàn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ọmú méjèèjì. Kí wọ́n dọ́gba, kó má sí kókó líle nínú wọn. Ẹ jẹ́ kó rìn lójú yín. Òbúkọ, kí kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sì dọ́gba, kó sì wá láti ilé tó yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ti ra àwọn abo. Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ẹran tó bá dé, ọjọ́ 21 ni kó fi dá wà, níbi tó jìnnà sí èyí tó wà nílé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ewé àti omi nìkan. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fún un ní oògùn aràn. Bí ara rẹ̀ bá dá títí di ọjọ́ keje, kí dókítà ẹran gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Àwọn ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láràárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí garawa àlejò sì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ agbo ẹran ló ti parun nítorí ewúrẹ́ ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí wọ́n tú sáàárín wọn lọ́jọ́ tó dé.

Oúnjẹ

Ewúrẹ́ oní-20-kílò fẹ́ ewé tútù tó kílò méjì sí mẹ́ta lóòjọ́, láì ka èèpo mọ́ ọn. Ewé ìyeyè, ewé ọ̀pọ̀tọ́, ewé ọdán, koríko ẹ̀bá ọ̀nà tí wọn kò fín oògùn sí, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àgúnmániyè (gliricidia) ni kí ẹ gbìn. Ẹ gé igi rẹ̀ tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, kó ga ní mítà kan àbọ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ yí ọgbà ká ní oṣù kẹrin tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ìdajì mítà síra wọn. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ẹ ó máa gé e ní oṣù méjì-méjì, ó ti di ọgbà, ó tún di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ jẹ́ kó rọ fún ọjọ́ kan. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ wọn lọ.

Èèpo ẹ̀gẹ́ wá ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Kò sí ìlú tí ilé ìlọ̀gàrí kò sí l'Ékìtì, òkìtì èèpo sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn tó ń rùn. Ní tútù, májèlé wà nínú rẹ̀, bó bá sì sùn mọ́jú lókìtì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ọ̀nà kan wà tí iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI tó ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn gbé jáde, ẹ̀rọ gàrí yẹn náà ló sì ń lò:

1. Èèpo òní ni kí ẹ kó. Ẹ ṣa ìdí ẹ̀gẹ́ líle, òkúta àti náílọ̀n kúrò, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù.

2. Ẹ rin ín lórí ẹ̀rọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, èèpo le ju ẹ̀gẹ́ lọ.

3. Ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ bí ti gàrí, kó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀. Májèlé ń bá omi yẹn lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi náà ṣàn síbi tí ẹran ti ń mu.

4. Láàárọ̀, ẹ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ. Èyí tó kúnná, ti adìyẹ ni. Èyí tó ṣẹ́kù lójú asẹ́, ti ewúrẹ́.

5. Ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí tapólì tàbí sìmẹ́ńtì mímọ́, kí ẹ máa yí i padà ní wákàtí-wákàtí. Bí oòrùn bá mú, ọjọ́ kan tó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀ kí ẹ ṣí ọwọ́: bó bá tú ká, ó ti gbẹ, bó bá dì mọ́ra bí ẹ̀bà, ẹ sá a sí i.

Nǹkan bíi kílò mẹ́ta èèpo tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ. Nígbà òjò tí oòrùn kò sí, ẹ yan án lórí agbada ìyan-gàrí, tàbí kí ẹ fún ewúrẹ́ ní èyí tí ẹ tẹ̀ yẹn láìsá, kó tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá ti hu funfun tàbí àwọ̀ ewé, ààtàn ló ń lọ, adìyẹ gan-an kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́.

Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rọ, ẹ gé èèpo wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó fi gbẹ kán-ún-kán-ún. Èèpo iṣu kò ní wàhálà yìí, kó ṣá ti gbẹ díẹ̀.

Ìdámẹ́rin kílò èèpo gbígbẹ lóòjọ́ fún ewúrẹ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ méjì eèrí èkùrọ́ fún èyí tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Èèpo nìkan ń fúnni lágbára ni, kì í kọ́ ara. Ewé àti eèrí èkùrọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó gba ọjọ́ mẹ́wàá kó tó pé. Iyọ̀ ìsebẹ̀ nínú àwo kékeré kan lára ògiri, omi mímọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ohun mẹ́ta ló ń pa ewúrẹ́ nínú àgbàlá láìjẹ́ pé àìsàn ṣe é. Àkọ́kọ́ ni àgbàdo: bí ilẹ̀kùn àká bá ṣí tó sì jẹ àgbàdo gbígbẹ yó, inú rẹ̀ yóò kan, yóò wú, ó lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Èkejì ni ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Kó rọ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn kí ẹ tó fún wọn. Ẹ̀kẹta, náílọ̀n píọ̀ wọ́tà. Kì í jáde. Ewúrẹ́ náà á máa jẹun, á máa rù, ikùn rẹ̀ á sì tóbi bí ti aboyún, títí wọn yóò fi dúńbú rẹ̀ tí wọn yóò fi bá òṣùṣù náílọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ máa ṣa ọgbà yín lójoojúmọ́.

Ìpéǹpéjú

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà òjò, ẹ mú ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi àtàǹpàkò kan tẹ ìpéǹpéjú òkè díẹ̀, kí ẹ fi èkejì fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bó bá pupa bí inú gúáfà, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti ń ràn bọ́ sí funfun, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti wú bí ẹni pé omi wà níbẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ funfun nìkan ni kí ẹ fún ní oògùn aràn. Bí ẹ bá ń fún gbogbo wọn lóṣooṣù, aràn náà yóò mọ oògùn yẹn, kò ní ran wọ́n mọ́.

Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń wọn oògùn, ìfojúdá sì máa ń tàn wá jẹ. Ẹ gbé ewúrẹ́ mọ́ra, ẹ gun òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn, ẹ kọ iye tó bá hàn. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan gùn ún. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akọ kò gbọ́dọ̀ gba oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole ní oṣù àkọ́kọ́, ó lè ba oyún jẹ́.

Gígùn àti bíbí

Abo tó ń wá akọ yóò máa ké, yóò máa ju ìrù, ìdí rẹ̀ yóò pọ́n. Kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, bí kò bá sì lóyún, yóò tún padà wá lẹ́yìn bí ọjọ́ 21. Kí abo pé oṣù mẹ́wàá, kó sì ti sanra tó, kí òbúkọ tó gùn ún. Oyún rẹ̀ jẹ́ bí ọjọ́ 150. Bí ẹ bá ti kọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún sílẹ̀, ẹ ti mọ ọjọ́ bíbí.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú un lọ sí igun rẹ̀. Bó bá ti ń rọbí gan-an fún wákàtí kan tí nǹkan kan kò yọ, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má fi ọwọ́ ìdọ̀tí wá a. Bí ọmọ bá bọ́, ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀, kí ẹ ki ìwọ́ rẹ̀ bọ inú iodine. Wàrà àkọ́kọ́ tó yí bí òróró gbọ́dọ̀ dé ikùn rẹ̀ kí wákàtí méjì tó kọjá. Ọmọ tó bá lẹ ara tí kò lè fà á, ẹ fún wàrà náà láti ọmú ìyá sínú ìgò, kí ẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Ibi ọmọ tí kò bá jáde lẹ́yìn wákàtí 12, ẹ pe dókítà, ẹ má fà á.

Oṣù mẹ́ta lẹ ó já wọn lẹ́nu ọmú. Àwọn akọ, ẹ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó di oṣù mẹ́rin, torí wọn yóò máa gun àwọn arábìnrin wọn, àwọn ọmọ tó bá sì jáde yóò máa kéré sí i. Èyí tí ẹ kò fẹ́ fi ṣe òbúkọ, kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Baba wọn náà, bó bá ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà.

PPR

Bí ọyẹ́ bá dé, tí ewúrẹ́ kan bá ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ikun àti ipin ń dà lójú àti nímú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tó ń wúkọ́, ẹ má fi ewé wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. PPR ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Kòkòrò tó ń fà á kò gbọ́ oògùn. Abẹ́rẹ́ tí dókítà bá gún ewúrẹ́ tó ti kó o, àwọn àìsàn tó ń gùn lé e ni yóò bá jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni ààbò, iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran NVRI tó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau sì ń ṣe é. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, kí ọyẹ́ tó mú, ló dára jù, fún gbogbo ẹran tó ti lé ní oṣù mẹ́rin.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìgò kan máa ń tó fún àádọ́ta ẹran tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n bá sì ti po ó pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó ní ewúrẹ́ márùn-ún kò ní fẹ́ dá a rà. Ẹ kó ara yín jọ ládùúgbò, kí ẹ mú ọjọ́ kan pẹ̀lú dókítà ẹran. Inú kúlà oníyìnyín ni kó gbé e wá. Bó bá mú un jáde látinú àpò ṣòkòtò, ẹ má jẹ́ kó gún ẹran yín: omi lásán ni ẹ ó sanwó fún.

Ẹran tó bá ti ń ṣàìsàn, ẹ má tà á. Ẹni tó ta á lọ́jà ló ń gbé e lọ fún ìlú kejì.

Adìyẹ

Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ń yé ẹyin mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó sàba, ó ń pa á lọ́jọ́ kọkànlélógún. Ẹ má fi ju mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan ìmọ́lẹ̀ sídìí ẹyin kọ̀ọ̀kan: èyí tí iṣan pupa ti ta nínú rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, ó ti lọ́mọ, èyí tó mọ́ gaara, ẹ mú un kúrò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni òròmọdìyẹ ń tán. Àṣá, òjò, eku àti òtútù ni. Ẹ fi ìyá àti ọmọ sábẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa gbé àgò náà kúrò lójú kan sí òmíràn, kí ẹ fi oúnjẹ òròmọdìyẹ àti omi inú àwo pẹlẹbẹ sí i. Ẹ lè kó ikán fún wọn: ẹ rọ ìṣùkù àgbàdo àti ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ sínú ìkòkò, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ dojú rẹ̀ dé ihò ikán lálẹ́. Kí oòrùn tó mú, ó ti kún.

Fún ibùsùn wọn, ìyàngbò ìrẹsì ló dára jù, àwọn ilé ìlọ̀rẹsì Ìgbẹ́mọ kò sì jìnnà. Ẹ tẹ́ ẹ nípọn bí ìka ọwọ́ mẹ́rin, kí ẹ kó o nígbà tó bá ti ń rùn.

Lúkúlúkú ni PPR ti adìyẹ. Ọrùn á lọ́ pọ̀, ìgbẹ́ á dà bí ewé, ọgbà á sì ṣófo láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àjẹsára ìkán-sójú, ẹ̀kán kan sí ojú adìyẹ kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ni kí ẹ fi dènà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi sínú omi mímu, omi tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kò dára, yóò pa àjẹsára náà. Omi kànga tàbí omi òjò ni, kí ẹ sì ti fi òùngbẹ dá wọn dúró fún wákàtí méjì.

Ìwé àti ọjà

Ìwé kékeré kan tí ẹ so mọ́ ẹnu ọ̀nà tó: orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹran, ọjọ́ gígùn, ọjọ́ bíbí, iye ọmọ, oògùn tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á. Abo tó bí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìwé náà ni yóò sọ fún yín pé kí ẹ tà á. Ojú kì í rántí.

Òbúkọ tí ẹ tẹ̀ lọ́dàá àti àgbò ni ọjà wọn dára jù. Iléyá ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ máa fi ojú sí kàlẹ́ńdà kí ẹ tó fi akọ sáàárín abo. Àwọn tó ń rà á fún Iléyá yóò wo ojú, etí, ìwo àti ẹsẹ̀; ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún kan, èyí tó fọ́jú kan tàbí tó ń tiro kò ní wọlé. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá iye lé e. Ẹran tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́, ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lára ìgò rẹ̀, kí ó pé kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúńbú rẹ̀.